ÌDÁGBÉRE ALÁBÀÁRÌN: SARAH JANE SMITH NÍNÚ ERÉ DOCTOR WHO LÁBẸ́ ÒṢÙWỌ̀N ÌDÁGBÉRE YORÙBÁ, ÀTI Ẹ̀KỌ́ TÍ Ó WÀ NÍBẸ̀ FÚN OLÙKỌ́ NÍ ÌBÀRÀPÁ

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ìdágbére alábàárìn nínú Doctor Who, eré àròsọ onísáyẹ́ǹsì orí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán tí ilé-iṣẹ́ BBC ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1963. Ìdágbére Sarah Jane Smith nínú ìtàn The Hand of Fear (1976) ni a gbájú mọ́. A fi í wé ẹkún ìyàwó, ìṣípà ọdẹ àti ìtọ́jú ère ìbejì láàrin Yorùbá. Èrò wa ni pé ìdágbére ọdún 1976 náà kò pé ní òṣùwọ̀n Yorùbá, àti pé àìpé yìí ni ó fà á tí eré náà fi ní láti padà sídìí ọ̀rọ̀ náà ní ọdún 2006. Ní ìparí, a fi hàn bí olùkọ́ èdè Yorùbá ṣe lè lo àfiwé yìí nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, àti ìdí tí òun fúnra rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń dágbére fún àwọn ọmọ tí ó kọ́.

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Òwe yìí kò ní kí àwọn ọmọdé náà má ṣeré. Ohun tí ó ń wí ni pé láti ọjọ́ tí ìbákẹ́gbẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ ni ìpínyà ti wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó yẹ kí a máa bi ara wa ni irú ọ̀nà tí a ó gbà pínyà, nítorí pé ìpínyà fúnra rẹ̀ kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀.

Èdè Yorùbá ti dáhùn ìbéèrè yìí ní ọ̀nà púpọ̀. Ẹni tí ó ń lọ sùn ni a ń kí pé ó dàárọ̀. Ẹni tí ó ń jáde lọ tí a retí pé yóò padà ni a ń kí pé ó dàbọ̀, èyí tí í ṣe ‘ó di àbọ̀’. Ẹni tí a kò mọ ọjọ́ tí a ó tún rí i ni a ń kí pé ó dìgbóṣe. Ẹni tí ó sì ti ré kọjá odò ni a ń kí pé ó di gbére, ó di àrìnnàkò, ó dojú àlá. Bí a bá wo àwọn gbólóhùn wọ̀nyí dáadáa, a ó rí i pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní òdiwọ̀n àkókò tirẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ọ̀kan rọ́pò èkejì ti ṣe ìlérí tí kò ní lọ́kàn láti mú ṣẹ, tàbí kẹ̀ ó ti fi ìlérí du ẹni tí ó tọ́ sí.

Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ fi wo eré kan tí ó jìnnà sí ilẹ̀ wa. A mọ̀ pé àwọn kan lè béèrè pé kí ni ó kan ẹ̀ka èdè Yorùbá pẹ̀lú eré àwọn òyìnbó nípa ojú ọ̀run àti ìràwọ̀. Ìdáhùn wa ni pé ọ̀nà àtijọ́ ni òṣùwọ̀n gbà ń wúlò: bí agbọ̀n tí a fi ń wọn ẹ̀gẹ́ ní Ìbàràpá bá jẹ́ agbọ̀n gidi, ó yẹ kí ó lè wọn ẹ̀gẹ́ oko ẹlòmíràn pẹ̀lú. Bí ìmọ̀ Yorùbá nípa ìdágbére bá jẹ́ ìmọ̀ tòótọ́, ó yẹ kí ó lè là wá lójú sí ohun tí àwọn lámèyítọ́ mìíràn kò kíyè sí nínú iṣẹ́ ọnà tiwọn.

Doctor Who àti àwọn alábàárìn rẹ̀

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá ọdún 1963 ni BBC kọ́kọ́ gbé Doctor Who jáde. Olú ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ ni arìnrìn-àjò kan tí wọ́n ń pè ní Dókítà, tí ó wá láti ayé mìíràn tí ń jẹ́ Gallifrey. Ọkọ̀ rẹ̀, TARDIS, dà bí àpótí aláwọ̀ búlúù tí àwọn ọlọ́pàá Gẹ̀ẹ́sì ń lò láyé àtijọ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ tóbi ju ìta rẹ̀ lọ, ó sì lè gbé ènìyàn lọ sí ayé àná àti ayé ọ̀la. Nígbà tí ikú bá fẹ́ mú Dókítà, ara rẹ̀ a máa yí padà di ẹlòmíràn. Ọgbọ́n yìí ni ó jẹ́ kí òṣèré tuntun lè gba ipò náà tí ìtàn kò fi dúró.

Dókítà kì í sábà dá rìn. Alábàárìn ni ó máa ń mú, ọ̀pọ̀ wọn sì jẹ́ ọmọ ènìyàn. Iṣẹ́ wọn nínú ìhun eré náà kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó ti ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ ní ọdún 1938. Bí Àkàrà-ògùn ṣe ní Kàkó, Ìmọ̀dòye, Olóhùn-iyọ̀ àti àwọn yòókù lójú ọ̀nà Òkè Láńgbòdó, bẹ́ẹ̀ ni Dókítà ní àwọn tirẹ̀. Ojú wọn ni òǹwòran fi ń wo ohun àràmàǹdà, ẹ̀rù wọn ni ó sì ń bà wá. Ìyàtọ̀ kan wà tí ó ṣe kókó. Ẹgbẹ́ Àkàrà-ògùn ní ìlú tí ó rán wọn, wọ́n sì ní ìlú tí wọn yóò padà sí. Dókítà kò ní irú ìlú bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá tẹ̀ lé e kò mọ ọjọ́ àbọ̀. Nítorí náà, ìgbà tí alábàárìn bá ń lọ ni ó máa ń hàn bóyá ẹni tí kò ní ilé mọ bí a ṣe ń sin ẹlòmíràn délé.

Orílẹ̀-èdè wa pàápàá ní ipa nínú ìtàn eré yìí. Ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, BBC pa ọ̀pọ̀ téèpù eré náà rẹ́ torí pé wọn kò rò pé ẹnikẹ́ni yóò tún fẹ́ wò wọ́n. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2013 ni ìròyìn kàn pé Philip Morris, ẹni tí ń wá àwọn fíìmù tí ó sọnù, ti rí 9 nínú àwọn abala tí a kò rí mọ́ wọ̀nyí ní ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán kan ní ìlú Jos. Wọ́n jẹ́ ara ìtàn The Enemy of the World àti The Web of Fear, tí a ṣe ní ọdún 1967 sí 1968. Alábàárìn tí ń jẹ́ Victoria wà nínú méjèèjì. Ìtàn tí Victoria ti dágbére fún Dókítà, Fury from the Deep (1968), kò sí nínú ohun tí a rí. Ohùn rẹ̀ ṣẹ́ kù, ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ ti lọ. A tọ́jú ìrìn-àjò rẹ̀ ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n àwòrán ìdágbére rẹ̀ kò sí lára ohun tí a rí níbẹ̀.

Ìdágbére ọdún 1976

Sarah Jane Smith, tí Elisabeth Sladen ṣe, jẹ́ akọ̀ròyìn. Ó wọ inú eré náà ní oṣù Kejìlá ọdún 1973 nínú ìtàn The Time Warrior, nígbà tí Jon Pertwee ń ṣe Dókítà. Ó bá Tom Baker tí ó gba ipò lẹ́yìn Pertwee rìn títí di ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá ọdún 1976, nígbà tí abala kẹrin The Hand of Fear jáde. Bob Baker àti Dave Martin ni wọ́n kọ ìtàn náà, ṣùgbọ́n Sladen àti Tom Baker fúnra wọn lọ́wọ́ nínú títún ọ̀rọ̀ ìran ìkẹyìn ṣe.

Báyìí ni ìran náà lọ. Ewu ti kọjá. Sarah ń ráhùn: ó ti rẹ̀ ẹ́, òtútù ń mú un, wọ́n ti dẹ́rù bà á, wọ́n sì ti gba ọkàn rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ léraléra. Dókítà ń tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe, kò sì fetí sí i. Inú bí Sarah. Ó ní òun ń lọ sílé, ó sì wọlé lọ di ẹrù rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ìwà ènìyàn yóò mọ̀ pé kì í ṣe pé ó fẹ́ lọ. Ó fẹ́ kí a bẹ òun ni. Bí ó ti wọlé ni ìpè dé láti Gallifrey. Dókítà gbọ́dọ̀ lọ síbẹ̀, kò sì lè mú ọmọ ènìyàn dání. Nígbà tí Sarah fi máa jáde pẹ̀lú àpótí, òdòdó inú ìkòkò, ère òwìwí àti ọ̀pá tẹ́níìsì, ìrìn-àjò ti parí lóòótọ́. Ó gbìyànjú láti yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ara wọn sọ lẹ́yìn èyí kò pọ̀. Sarah bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má gbàgbé òun. Dókítà dá a lóhùn pé kí òun náà má gbàgbé. Ó sì fi gbólóhùn kan parí rẹ̀ tí ìtumọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá kò ju ‘ó dàbọ̀’ lọ: títí di ìgbà tí a ó tún pàdé. Sarah sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ̀ náà pòórá. Ìgbà náà ni ó wo ọ̀tún wo òsì, tí ó rí i pé àdúgbò yìí kì í ṣe àdúgbò òun rárá. Ajá kan ń bẹ nítòsí; ajá yìí ni ó sọ ọ̀rọ̀ náà fún. Ó rẹ́rìn-ín, ó ń súfèé lọ pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, ó sì gbójú sókè wo ojú ọ̀run.

Ìran yìí wà lára èyí tí àwọn olólùfẹ́ eré náà fẹ́ràn jù. Kò sí ẹkún, kò sí ìdìmọ́ra, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó kú. Ìfẹ́ tí ó wà láàrin àwọn méjèèjì fara hàn nínú ohun tí wọn kò sọ. A gbà pé ọgbọ́n ìsọ̀tàn rẹ̀ jinlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gbé e ka orí òṣùwọ̀n tiwa.

Ohun tí Yorùbá ń béèrè lọ́wọ́ ìdágbére

Bí a bá kó ẹkún ìyàwó àti ìṣípà ọdẹ jọ, ohun mẹ́rin ni a ó rí tí kò sí ìdágbére Yorùbá tí ó gbọ́dọ̀ ṣaláìní wọn: ọ̀rọ̀, ẹrù, ẹlẹ́rìí àti ibùdó.

Èkíní ni ọ̀rọ̀. Nínú ẹkún ìyàwó, èyí tí a mọ̀ dáadáa ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ẹni tí ń lọ gan-an ni ó ń sọ̀rọ̀. Ìyàwó a dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá àti ìyá, a ki oríkì ilé wọn, a sọ ẹ̀rù tí ń bà á nípa ilé ọkọ, a sì tọrọ ìwúre. Nínú ìṣípà ọdẹ, ẹni tí ń lọ ti dákẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wọ igbó ni wọ́n ń fi ìrèmọ̀jé sọ̀rọ̀ fún un. Bádé Àjùwọ̀n ti ṣe iṣẹ́ ńlá lórí èyí nínú ìwé rẹ̀ Ìrèmọ̀jé Eré Ìṣípà Ọdẹ (1981). Ohun tí ó hàn kedere ni pé a kò gbà kí ìpínyà kọjá ní ìdákẹ́jẹ́. Bí ẹni tí ń lọ kò bá lè sọ̀rọ̀, ẹni tí ó kù yóò sọ ọ́.

Èkejì ni ẹrù. Àwọn ènìyàn ìyàwó ni wọ́n ń di ẹrù rẹ̀, wọ́n sì mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹrù náà ń sọ pé a kò lé e, a fà á fún ọkọ ni. Nínú ìṣípà, àwọn ohun èlò ọdẹ tí ó papò dà ni ẹgbẹ́ ọdẹ ń kó jáde, wọn a gbé e lọ sínú igbó. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé bí a kò bá ṣí ìpà ọdẹ, kò ní yọ ẹsẹ̀ kúrò láàrin ẹgbẹ́: òun kò ní sinmi, àwọn tí ó kù kò sì ní rójú ṣọdẹ.

Ẹ̀kẹta ni ẹlẹ́rìí. Ìyàwó kì í dá ẹkún sun nínú yàrá, ọdẹ kan kì í sì í dá ìpà ṣí. Ẹbí, ọ̀rẹ́, ẹgbẹ́ àti aládùúgbò wà níbẹ̀, kí ó má baà sí ẹni tí yóò sọ lẹ́yìn ọ̀la pé òun kò mọ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ibùdó. A ń sin ìyàwó dé ẹnu ọ̀nà ilé ọkọ, wọn a fi omi wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó tó wọlé. Ibi tí a ń gbé ẹrù ọdẹ sí pẹ̀lú kì í ṣe ibikíbi tí ó bá ṣẹ̀ wá. Ẹni tí ń dágbére gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ẹnì kejì rẹ̀ yóò wà.

Bí a bá wá fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí wo The Hand of Fear, ọ̀ràn náà yóò hàn sí wa. Ọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n ó kéré, gbólóhùn tí ó sì parí rẹ̀ jẹ́ ìlérí àbọ̀. Ẹrù wà, ṣùgbọ́n ìbínú ni ó dì í, kì í ṣe ìfẹ́. Kò sí ẹni tí ó bá Sarah dì í. Ẹlẹ́rìí kò sí, àfi ajá tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ibùdó kọ́ ni ibi tí a gbé e sí. Ó dà bí ìgbà tí awakọ̀ gbé ẹni tí ń lọ sí Ẹ̀rúwà, tí ó wá já a sílẹ̀ ní Ṣókótó, tí ó sì ń juwọ́ sí i tẹ̀ríntẹ̀rín.

Ohun kan tún wà tí èdè Yorùbá jẹ́ kí a rí. Àwọn òǹwòran a máa sọ pé Sarah Jane ‘lọ’. Ṣùgbọ́n ta ni ó lọ? Dókítà ni ó ní ọkọ̀, òun ni ó ṣí i, òun ni ó pòórá. Orí ìdúró ni Sarah wà. Nínú ẹkún ìyàwó, ẹni tí ń lọ ni ó ń tọrọ ìwúre. Nínú ìṣípà, ẹni tí ó kù ni ó ń tú ìdè. Nínú ìran yìí, kò sí ẹni tí ó mọ èyí tí òun jẹ́, ìdí nìyí tí kò fi sí ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ ẹni tí ń lọ tàbí iṣẹ́ ẹni tí ó kù.

Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà

Sarah Jane kò kúrò lọ́kàn àwọn ènìyàn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1981, a rí i nínú K-9 and Company, níbi tí ẹ̀bùn Dókítà, ajá onírin tí ń jẹ́ K-9, ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ní ọdún 1983, ó wà nínú The Five Doctors. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó fọwọ́ kan egbò náà nínú méjèèjì.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin ọdún 2006 ni School Reunion, tí Toby Whithouse kọ, jáde. David Tennant ni ó ń ṣe Dókítà nígbà náà. Ó sì yẹ kí àwa olùkọ́ kíyè sí i pé ilé ẹ̀kọ́ ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, Dókítà sì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. Sarah tún pàdé rẹ̀. Kò kọ́kọ́ yọ̀. Ẹjọ́ ni ó kó kalẹ̀. Ó ti dúró dè é. Ó ti rò pé ó ti kú. Ó bi í léèrè ìdí tí kò fi padà wá. Ó sì sọ fún un pé ibi tí ó já òun sí ní ọjọ́ náà kì í ṣe Croydon tí í ṣe àdúgbò òun. Aberdeen ni, ní ilẹ̀ Scotland lọ́hùn-ún. Òǹwòran rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ Aberdeen yìí, ṣùgbọ́n ẹ̀sùn gidi ni.

Ẹ wo bí ẹ̀sùn náà ṣe bá òṣùwọ̀n wa mu. Ó pe ‘ó dàbọ̀’ tí kò ní àbọ̀ lẹ́jọ́. Ó pe ibùdó tí kì í ṣe ibùdó lẹ́jọ́. Ní ìparí ìtàn náà, Dókítà fẹ́ kí ó tún bá òun lọ, Sarah kọ̀. Àjò kò dùn kí onílé má rele. Òun ti mọ ilé báyìí. Ohun tí ó béèrè ni pé kí Dókítà sọ ọ̀rọ̀ ìdágbére náà jáde lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan yìí, kí ó má fi ìlérí bò ó. Dókítà sọ ọ́. Ó gbé e mọ́ra, ó sì fi K-9 tuntun sílẹ̀ fún un. Rose àti Mickey wà nítòsí. Ọ̀rọ̀ wà, ẹ̀bùn wà, àwọn ẹlẹ́rìí wà, ibùdó sì tọ́. Ìpà ṣí. Láti ìgbà náà ni Sarah Jane ti lè ní ìtàn tirẹ̀: ó di olú ẹ̀dá-ìtàn nínú The Sarah Jane Adventures láti ọdún 2007, títí tí ikú fi mú Elisabeth Sladen lọ ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin ọdún 2011.

Àríwísí kan tí ó yẹ kí a dáhùn

Ẹnìkan lè sọ pé àìpé ìran ọdún 1976 gan-an ni ẹwà rẹ̀, àti pé bí Dókítà bá ti wẹ ẹsẹ̀ Sarah ní ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò máa rántí rẹ̀ títí di òní. Òótọ́ wà nínú èyí, a kò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ ọnà a máa jẹun lára ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó. Fágúnwà pàápàá mọ èyí. Ìgbà tí Kàkó fẹ́ bá Àkàrà-ògùn lọ, ìyàwó rẹ̀ dì í mú, kò jẹ́ kí ó lọ. Kàkó fa àdá yọ, ó sì ṣá a pa. Ìdágbére tí ó burú jùlọ nìyí, síbẹ̀ ẹni tí ó bá ti kà á kò ní gbàgbé rẹ̀.

Ìdáhùn wa ni pé ohun tí ó dára nínú ìtàn lè jẹ́ ìpalára nínú ayé. Ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ ni ó yẹ kí ó jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ dá méjèèjì mọ̀. Kí ó lè sọ pé ìran yìí gún régé, kí ó sì tún lè sọ pé kò yẹ kí a ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọmọnìkejì wa.

Alábàárìn tí ó kù: Igbó-Ọrà àti àwọn ìbejì

Kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ alábàárìn ti wúwo tó agbègbè Ìbàràpá. Igbó-Ọrà ni gbogbo ayé mọ̀ sí ìlú ìbejì. Ìwádìí tí a ṣe ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà ní àwọn ọdún 1960 àti 1970 fi hàn pé ìbí ìbejì lé ní 40 nínú 1,000 ìbímọ, èyí tí ó ga ju ti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ mìíràn lọ. Láti ọdún 2018 ni ìlú náà sì ti ń ṣe àjọ̀dún ìbejì tí àwọn àlejò ń wá wò.

Táyé àti Kẹ́hìndé ni alábàárìn tí ó ti bẹ̀rẹ̀ àjò kí wọ́n tó dé ilé ayé. Nígbà tí ọ̀kan bá padà, àwọn bàbá wa kò gbà pé kí èkejì kàn máa dá rìn lọ. Wọ́n a gbẹ́ ère, ìyá a sì máa wẹ̀ ẹ́, a fi osùn pa á, a wọṣọ fún un, a bọ́ ọ bí ó ti ń bọ́ èyí tí ó kù. Lónìí, púpọ̀ nínú àwọn ẹbí onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí kò ṣe èyí mọ́, iṣẹ́ wa kọ́ sì ni láti dá wọn lẹ́bi tàbí láti gbè wọ́n. Ohun tí a fẹ́ fà yọ ni èrò tí ó wà lábẹ́ rẹ̀: ẹni tí alábàárìn fi sílẹ̀ nílò ohun tí a lè fọwọ́ kàn. K-9 tí Dókítà fi sílẹ̀ fún Sarah àti ère tí ìyá gbé sẹ́yìn kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn ní ọ̀wọ̀ tàbí ní ìjìnlẹ̀, ṣùgbọ́n àìní kan náà ni wọ́n ń dáhùn.

Nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́

Báwo ni olùkọ́ ṣe lè lo gbogbo èyí? A dábàá ìgbésẹ̀ mẹ́rin fún ilé ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì.

(i) Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkíni. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ to gbogbo gbólóhùn ìdágbére tí wọ́n mọ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sọ ẹni tí a ń sọ ọ́ fún àti àkókò tí ó wà nínú rẹ̀.

(ii) Kí ó rán wọn sí àwọn ìyá àgbà ní agbo ilé wọn, ní Ẹ̀rúwà, Lánlátẹ̀, Ìdèrè tàbí ibikíbi tí wọ́n bá ń gbé, láti béèrè bí wọ́n ṣe sin àwọn fúnra wọn lọ sílé ọkọ. Kí wọ́n fi ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀ béèrè, kí wọ́n sì gba ìyọ̀ǹda kí wọ́n tó gba ohùn ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

(iii) Kí ó sọ ìtàn Sarah Jane fún wọn. Bí iná mànàmáná àti ẹ̀rọ bá wà, wọ́n lè wo ìran náà. Bí kò bá sí, ẹnu olùkọ́ tó. Kí ó bi wọ́n pé: èwo ni ó wà, èwo ni kò sí, nínú ọ̀rọ̀, ẹrù, ẹlẹ́rìí àti ibùdó? Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ràn eré náà lè gba The Story & the Engine tí ó jáde ní ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún ọdún 2025 yẹ̀ wò pẹ̀lú. Inua Ellams tí a bí ní Nàìjíríà ni ó kọ ọ́, ṣọ́ọ̀bù onígẹ̀rẹ́ kan ní Èkó ni ìtàn náà sì ti ṣẹlẹ̀.

(iv) Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kọ ìdágbére ojú ìwé kan láti ẹnu ẹ̀dá-ìtàn tí ń lọ tàbí èyí tí ó kù.

Ìkìlọ̀ kan ṣe pàtàkì. Ní agbègbè wa, ó ṣeé ṣe kí ọmọ kan wà nínú kíláàsì tí a bí ní méjì tí ó kù ní ẹyọ kan. Kí olùkọ́ wádìí ṣáájú, kí ó má sì fi ipá mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó kọ ọ́. Bí ó bá fẹ́ dákẹ́, kí a jẹ́ kí ó dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ tí ó kù kan àwa fúnra wa. Ọdọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ ń lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí ó yí wa ká. Wọ́n á bá àwọn ọmọ náà lò ó ní ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Àwọn ọmọ á mọ ohùn wọn, á máa sáré gba àpò wọn ní ẹnu ọ̀nà. Ọjọ́ tí alábòójútó bá ti fi máàkì sílẹ̀ tán ni àwọn mìíràn ń kó ẹrù, tí wọ́n ń sọ ‘ó dàbọ̀’ láti ẹnu ọ̀nà, tí ọmọ á sì máa wo ojú títì ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀ lé e. Olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ti di Dókítà ọdún 1976. Kò ṣe ibi kankan. Kò kàn mọ̀ pé ìlérí ni òun ṣe ni.

Bí ìpà olùkọ́ ṣe ń ṣí kò le. Kí ó sọ ọjọ́ tí òun yóò lọ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Kí ó dá ìwé àti iṣẹ́ ọwọ́ wọn padà, kí ohun kan lè kù lọ́wọ́ wọn. Kí ó ṣe é níwájú olùkọ́ kíláàsì tí yóò gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, kí àwọn ọmọ lè mọ ọwọ́ ẹni tí òun fi wọ́n sí. Kí ó súre fún wọn, kí ó sì jẹ́ kí wọ́n súre fún òun. Lẹ́yìn náà, kí ó yan gbólóhùn rẹ̀. Bí kò bá ní padà, kí ó má ṣe sọ pé ó dàbọ̀. Ó dìgbóṣe ni kí ó wí.

Àgbálọgbábọ̀

A ti fi òṣùwọ̀n ìdágbére Yorùbá wo ìran kan tí gbogbo ayé fẹ́ràn, a sì rí i pé ohun tí ó sọnù nínú rẹ̀ ni ó mú kí ẹni tí a fi sílẹ̀ dúró fún ọgbọ̀n ọdún. A ti rí i pẹ̀lú pé ìgbà tí eré náà fẹ́ wo egbò yìí sàn, ọ̀nà tí ó gbà kò yàtọ̀ sí èyí tí àwọn ọdẹ àti àwọn ìyá wa ti là sílẹ̀: ọ̀rọ̀ tí ó tọ́, ohun tí ọwọ́ lè bà, ojú tí ó rí i, àti ibi tí ó jẹ́ ilé. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ni ó kù fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa láti ṣe lórí èyí, pàápàá lórí ẹkún ìyàwó ní Ìbàràpá, nígbà tí àwọn ìyá tí ó sun ún ṣì wà láàyè tí wọ́n lè sọ ọ́. Ogún ọmọdé kò ní ṣeré gba ogún ọdún. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ wọn bí a ṣe ń tú ká, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má baà máa dúró de ẹni tí kò ní bọ̀.